Omi Ti Hó Tán: Ṣé Kí N Ṣì Ṣí Iná Gáàsì Sílẹ̀ Ni?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù tó kọjá. Bí mo bá gbé ẹ̀wà kaná, tó ti hó, tí mo fẹ́ rẹ iná wálẹ̀, wọ́n á ní kí n fi í sílẹ̀, pé iná kékeré kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jinná. Ọkọ mi ní gáàsì tó ń tó wa lò fún oṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Mi ò fẹ́ bá ìyá jiyàn o. Àmọ́ ta ló tọ̀nà? Bí iná bá pọ̀, ṣé oúnjẹ ò ní tètè jinná ni?"

*

Ẹ rẹ iná wálẹ̀. Kí omi tó hó, ìyá ọkọ yín ló tọ̀nà: ẹ ṣí iná dáadáa kí ó tètè hó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti hó, iná ńlá ò ní ohun kan tó fẹ́ fi kún un fún ẹ̀wà. Ẹ̀wà inú ìkòkò ò mọ iná. Omi tó yí i ká ló mọ̀, omi náà ò sì ní gbóná ju digírì 100 lọ, ì báà jẹ́ iná alágbẹ̀dẹ lẹ kó sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ dé e. Ẹ rẹ iná wálẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ohùn omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọmọrí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

*

Mo ti ka èsì tí ẹ kọ sábẹ́ ìdáhùn mi yìí. Èyí tó pọ̀ jù ló gbè sẹ́yìn ìyá. Ẹnì kan ní òun ti ń ta ẹ̀wà fún ọdún méjìlá, pé iná ńlá ni òun fi ń sè é, kò sì sí ìwé tó lè kọ́ òun ní ẹ̀wà sísè. Ẹlòmíì ní omi tó ń hó gùdù-gùdù ò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ń hó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, pé ojú lásán ti fi hàn.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọdún méjìlá. Ọmọ ẹlẹ́wà ni èmi náà. Ẹ̀wà ni ìyá mi ta fún àwọn bíríkìlà àti akẹ́kọ̀ọ́, owó rẹ̀ ló fi rán mi lọ kọ́ físíìsì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama lónìí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí èyí, torí mo ti wọ̀n ọ́n wò.

Ìkòkò méjì tó dọ́gba ni mo lò, ẹ̀wà olóyin láti inú àpò kan náà, kóńgò kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kí méjèèjì hó kí n tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo fi iná ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà, mo rẹ ti èkejì wálẹ̀ títí ahọ́n iná fi kéré bí èékánná ọmọdé. Mo ti tẹmómítà bọ ọ̀kan, mo yọ ọ́, mo tì í bọ èkejì. Digírì 99 àti díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́. Digírì 99 àti díẹ̀ nínú ti èkejì. Mo tún un ṣe lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kò yẹ̀. Ìgbà kan náà ni ẹ̀wà méjèèjì rọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bu omi gbígbóná sí ti oníná ńlá, ti oníná kékeré ò gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ omi tí à ń bù sí i yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Bí omi tútù bá ṣe ń wọlé ni híhó ń dáwọ́ dúró, tí ìgbóná ń wálẹ̀, tí ẹ̀wà á sì máa dúró de omi kí ó tún gbóná. Ẹni tó ń ṣí iná tán, tó sì ń bu omi tútù sí i lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, òun gan-an ló ń fa oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá máa bu omi sí i, kí ó jẹ́ omi gbígbóná. Híhó gùdù-gùdù yẹn náà ò ṣe ẹ̀wà lóore. Ó ń gbé e sókè sódò, ó ń bó o léèpo, ó sì ń fọ́ ọ kí inú rẹ̀ tó rọ̀.

Mo gba ohun kan fún màmá ẹlẹ́wà. Ìkòkò ńlá tí wọ́n ń gbé kaná níta, tí wọn ò dé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ń sọ iná púpọ̀ nù láti ojú omi àti láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Iná kékeré lè má gbà á kí ó máa hó rárá. Níbẹ̀, iná ní láti pọ̀ díẹ̀. Kí omi ṣáà máa hó ni. Híhó tán, kò sí híhó jù.

*

"Bí omi ò bá gbóná sí i mọ́, níbo wá ni iná tí mò ń sun ń wọlé sí? Ṣé ó ń pòórá ni?"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè èyí.

Ìgbóná àti agbára iná kì í ṣe ohun kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ìgbóná ni ohun tí tẹmómítà ń kà. Agbára iná ni iye tó ti wọ inú ìkòkò lápapọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo èyí tó wọlé ni tẹmómítà ń rí.

Omi kún fún ègé wínníwínní tí ojú ò lè rí, mólékù ni wọ́n ń pè é. Nínú yìnyín, wọ́n dà bí ọmọ ilé ìwé tó tò sórí ìlà láàárọ̀: wọ́n ń mira, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò kúrò láyè rẹ̀. Nínú omi, wọ́n dà bí èrò ọjà Bódìjà: wọ́n ń fara gbúnra, wọ́n ń kọjá lára wọn, síbẹ̀ wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Nínú ooru tó ń rú lórí ìkòkò, ọjà ti tú, kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀.

Kí omi tó hó, iná tó ń wọlé ń mú kí àwọn ègé yìí máa sáré sí i, eré yẹn ni tẹmómítà ń kà. Bí omi bá ti hó, iná ò fi kún eré wọn mọ́. Ó ń tú wọn kúrò lára ara wọn. Iṣẹ́ ńlá sì ni títú yẹn. Lítà omi kan tó wà ní digírì 25 máa gba nǹkan bí kilojúùlù 314 (kilojúùlù la fi ń wọn agbára iná) kí ó tó dé digírì 100. Kí lítà yẹn kan náà tó gbẹ tán di ooru, ó máa gba nǹkan bí 2,250 sí i, ìlọ́po méje, tẹmómítà ò sì ní kúrò lójú kan ní gbogbo àkókò náà. Ibi tí gáàsì ọkọ yín ń bá lọ nìyẹn. Ojú fèrèsé ló ń gbà jáde.

Joseph Black, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, wo èyí dáadáa ní 1762. Ó da omi tútù sínú àwo páánù, ó gbé e lé irin tó ti gbóná gidi. Ìṣẹ́jú 4 ni omi náà fi hó. Ó gbà tó ìṣẹ́jú 20 kí ó tó gbẹ tán. Iná kan náà ni, àwo kan náà. Ó pe agbára tó wọlé tí tẹmómítà ò rí ní iná tó fara pamọ́. Ẹ lè ṣe é nílé yín lálẹ́ òní pẹ̀lú ife omi kan àti aago orí fóònù.

Èdè wa pàápàá ò ya ìgbóná àti ohun tí omi híhó ń dà sọ́tọ̀. Ooru ni ohun tó ń mú wa lálẹ́ inú oṣù kẹta, ooru náà ló ń rú lórí ìkòkò. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

*

Ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní gáréèjì béèrè bóyá òun lè máa ra omi tó tutù rinrin dípò yìnyín, torí pé omi ò wọ́n tó yìnyín. Ẹ ra yìnyín. Kìlógíráàmù yìnyín kan ń gba kilojúùlù 334 lára ohun tó wà nínú kúlà kí ó tó yọ́ tán, ní gbogbo ìgbà yẹn kò ní kúrò ní òdo. Agbára tó yọ́ ọ yẹn lè gbé omi kan náà láti òdo dé digírì 80. Omi tútù ò ní irú ìgbàmọ́ra bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ẹ má sì bọ́ àpò kúrò lára yìnyín nítorí ẹni tó sọ pé aṣọ ń mú un gbóná. Aṣọ ò ní iná kankan nínú. Ó ń dí ooru ìta lọ́nà ni.

*

"Kí ló dé tí ẹ̀wà fi máa ń jó lójijì? Mo ṣí i, omi ṣì wà. Mo yíjú padà, ó ti ń rùn."

Ohun tí mò ń sọ láti òkè yìí ló fà á. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nísàlẹ̀ ìkòkò, omi ló ń gba gbogbo iná, ìsàlẹ̀ yẹn ò sì lè gbóná ju digírì 100 lọ fíìfíì. Ní kété tí omi bá tán, kò sí ẹni tó ń gba iná mọ́. Ìgbóná ìdí ìkòkò á fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀wà tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì jó.

Àwọn tó ń yan gàárì mọ èyí lọ́wọ́. Nígbà tí gàárì ṣì tutù, ẹ lè kó igi sábẹ́ agbada, ooru á máa rú, gàárì ò ní pọ́n. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ tó ń dún ṣákáṣáká lórí irin, tí ooru sì ti dínkù, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ti fa igi jáde. Omi tó ń dáàbò bò ó ti lọ.

*

Mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n kan jiyàn. Wọ́n ní ooru ìkòkò ò lè jó ni tó omi híhó, torí pé ìgbóná wọn dọ́gba. Ìgbóná wọn dọ́gba lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ooru gbé agbára tó fi di ooru lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń dá padà níbi tó bá ti di omi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo ṣí ìkòkò ọ̀lẹ̀ fún ìyá mi. Mo di ọmọrí mú, mo sì ṣí i sí ọ̀dọ̀ ara mi dípò kí n ṣí i síwájú. Mi ò rí nǹkan kan. Funfun tó ń rú yẹn ṣì wà lókè nígbà tí ohun tí ojú ò rí ti bo ọrùn ọwọ́ mi. Ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ló jókòó sára irun ọwọ́ mi, bí ìrì, ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìrora tó dé. Ìrì yẹn ló jó mi. Àpá rẹ̀ ṣì wà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i.

Ohun kan náà tó jó mi ló ń se ọ̀lẹ̀. Omi híhó ò kan ọ̀lẹ̀ tó wà lórí igi nínú ìkòkò. Ooru ló ń gòkè, tó ń kan ewé eéran, tó ń di omi padà lára ewé, tó sì ń dá agbára rẹ̀ sínú ẹ̀wà lílọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọmọrí tí kò dé dáadáa fi ń ba ọ̀lẹ̀ jẹ́.

*

Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹ̀wà, ó ti dé orí omi àmù. Ẹnì kan ní omi àmù ń tutù torí pé amọ̀ jẹ́ ohun tútù láti inú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwo amọ̀ gbígbẹ tó wà lórí tábìlì ò tutù ju tábìlì lọ?

Omi ló ń ṣe é. Amọ̀ ní ihò wínníwínní, omi ń gbabẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn àmù. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ ó rí i pé ó rin. Omi ẹ̀yìn yẹn ń di ooru láìhó, torí pé àwọn mólékù tó sáré jù lójú omi ń sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí iná lábẹ́ àmù, nítorí náà ara omi inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba agbára tí wọ́n fi ń lọ. Èyí tó kù á wá tutù.

Mo ti ba àmù jẹ́ rí. Mo fẹ́ kí ti ìyá àgbà mi dára lójú, ni mo bá fi péńtì tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn irin kùn ún. Ó rẹwà. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà mu omi, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n bi mí pé ṣé mo gbé omi náà sóòrùn ni. Péńtì ti dí gbogbo ihò. Mo fi òkúta ha á fún ọjọ́ méjì, kò padà sí bó ṣe wà.

Àwọn tó ní omi àmù ń tutù jù nígbà ọyẹ́ ò parọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó ń fa omi mu. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, àmù ò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Ohun yìí kan náà ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ láti àríwá Nàìjíríà, lò. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Ìgbá, tí àwọn míì ń pè ní ìkàn, tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 3, wà nínú rẹ̀ di ọjọ́ 27. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ẹni tí iná mànàmáná ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè ṣe é lọ́la.

*

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi ṣeré. Ẹnì kan ní sílíńdà òun ṣì wúwo, ṣùgbọ́n iná ń kéré, ara sílíńdà sì tutù, ó ń lagun. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dùbúlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì ní kí ó gbé e sínú omi híhó. Ẹ má ṣe méjèèjì, mo bẹ̀ yín.

Gáàsì ìdáná jẹ́ olómi nínú sílíńdà torí pé wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Propane tó wà nínú rẹ̀ ń hó ní digírì 42 sí ìsàlẹ̀ òdo, butane ń hó ní nǹkan bí òdo. Bí ẹ bá ṣí i, ó ń hó nínú sílíńdà, ìgbóná ilé ìdáná yín ni iná tó ń sè é. Bí ẹ bá ṣí iná tán fún wákàtí gbọọrọ, ó ń gba ìgbóná lára irin yára ju bí ilé ṣe lè dá a padà lọ. Ara irin á tutù, ooru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á di omi lẹ́yìn rẹ̀, híhó inú á sì dínkù. Ẹ rẹ iná wálẹ̀, tàbí kí ẹ pa á kí ó sinmi.

Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ rẹ̀, olómi fúnra rẹ̀ ló máa wọ rọ́bà. Lítà kan rẹ̀ ń di ohun tó lé ní igba lítà bí ó bá di afẹ́fẹ́. Sítóòfù yín ò lè gba ìyẹn, iná á ta síta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kù, ẹ da omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti yí padà di tútù. Ibẹ̀ ni olómi dé.

*

Kí n yára dá àwọn yòókù lóhùn. Iyọ̀ ò ràn wá lọ́wọ́. Gíráàmù 58 nínú lítà omi kan ò gbé ìgbóná híhó sókè ju nǹkan bí digírì 1 lọ, ta ló sì máa jẹ ẹ̀wà yẹn? Káún ń rọ ẹ̀wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi kún ìgbóná. Ara èèpo àti ohun tó so ẹ̀wà pọ̀ ló ń tú. Tòmátì ń ṣe òdìkejì, ẹ má dà á sí i kí ẹ̀wà tó rọ̀.

Ìkòkò onípẹ́ṣà nìkan ló ń gbé omi kọjá digírì 100. Ó ń há ooru mọ́lé, ooru ń tẹ omi mọ́lẹ̀, omi ò sì lè hó títí á fi dé nǹkan bí digírì 120. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1679. Níbẹ̀ náà, bí ó bá ti ń súfèé, ẹ rẹ iná wálẹ̀.

Ẹni tó wà ní Jos tó ní ẹ̀wà òun ń pẹ́ ju ti Èkó lọ tọ̀nà. Ìlú yẹn ga tó nǹkan bí mítà 1,200. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kéré, omi ń hó ní nǹkan bí digírì 96. Iná ńlá ò lè tún ìyẹn ṣe.

*

Ẹni tó béèrè padà wá: "Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá. Wọ́n ní lábúlé, bí ẹ̀wà bá ti hó, àwọn náà máa ń fa igi méjì jáde, àwọn á fi ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé iná gáàsì kékeré yẹn dà bí èyí tó fẹ́ kú."

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ahọ́n iná kékeré yẹn ni igi kan tó kù. Kí wọ́n ṣí ọmọrí, síwájú o, kì í ṣe sí ara wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó. Bí omi bá ń hó díẹ̀díẹ̀ láàárín ìkòkò, kí wọ́n dé e padà. Bí híhó bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n tọ̀nà, ẹ fi iná kún un díẹ̀. Kí ẹ sì da omi híhó sínú fúláàsì kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, òun ni kí ẹ máa bù sí i.